Sinimá Àwọn Mongol àti Àríyànjiyàn Wa ní Accra

Bí ẹnikẹ́ni bá ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn tí wọ́n ti kú láti nǹkan bí ẹgbẹ̀rin ọdún sẹ́yìn, ní ilẹ̀ òtútù tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò fi ẹsẹ̀ tẹ̀ rí, lè dá àríyànjiyàn líle sílẹ̀ láàárín àwọn olùkọ́ tí wọ́n jọ jókòó ti àwo oúnjẹ kan ṣoṣo ní Accra, èmi ìbá sọ pé àsọdùn ni. Ṣùgbọ́n ìṣojú mi ni ó ṣe, mo sì rí i pé ohun tí ó wà nídìí rẹ̀ kan gbogbo ẹni tí ó bá ń kọ́ ọmọ ní ìtàn ní ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú.

Ilé tí a pàdé sí wà ní Accra New Town. Àwọn àgbà tí a bí sí àdúgbò náà kì í pè é bẹ́ẹ̀. Lagos Town ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí, nítorí àwọn ará ilẹ̀ wa tí wọ́n ti tẹ̀dó síbẹ̀ láti ìgbà pípẹ́. Baálé ilé náà jẹ́ olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá rẹ̀ ti wá ta aṣọ ní Gold Coast, ní Lagos Town ni wọ́n sì bí òun sí. Nígbà tí ìjọba Busia pàṣẹ ní oṣù kọkànlá ọdún 1969 pé kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde kúrò ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni. Ó bá àwọn òbí rẹ̀ gun ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí “ilé” tí kò mọ̀ rí. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà ó padà wá, ó kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, ó sì fi ohun tí ó lé ní ọgbọ̀n ọdún kọ́ àwọn ọmọ Gánà ní ìtàn ilẹ̀ wọn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé ọ̀rọ̀ ọdún 1969 yìí, nítorí yóò tún yọjú.

Ó jẹ́ àṣà bàbá yìí láti máa pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jọ ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù, kí wọ́n wo sinimá ìtàn. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ a ta aṣọ funfun sí ara ògiri, a sì fi ẹ̀rọ kékeré kan tan àwòrán sí i. Àwa tí a péjọ ní alẹ́ tí mo ń sọ yìí kò ju mẹ́wàá lọ: olùkọ́ obìnrin kan, ọmọ Àṣàńtí láti Kumasi, tí ó ń kọ́ ìtàn ní ilé ẹ̀kọ́ girama, ọkùnrin kan láti Sandema, ní ilẹ̀ àwọn Builsa ní òkè Gánà lọ́hùn-ún, tí iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́ ìṣirò, ààfáà ọ̀dọ́ kan láti Nima, ọmọ-ọmọ baálé ilé àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, àti èmi àlejò tí mo wá láti Ìbàdàn. Èdè Òyìnbó ni a ń sọ, tí a ń fi Haúsá àti Twi lú u. Èmi ni mo tú u sí Yorùbá fún yín.

Sinimá náà bẹ̀rẹ̀ bí irú wọn ti máa ń bẹ̀rẹ̀: pápá gbalasa, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ koríko, ẹṣin kan ń sáré bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Ó sọ fún wa bí a ti bí ọmọ kan tí ń jẹ́ Temujin ní nǹkan bí ọdún 1162; bí a ti pa bàbá rẹ̀ nígbà tí ó wà ní kékeré; bí àwọn ìbátan bàbá rẹ̀ ti kọ òun àti ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ sílẹ̀ nínú ìyà; àti bí ó ti jà títí tí àwọn olórí ẹ̀yà fi péjọ ní etí odò Onon ní ọdún 1206, tí wọ́n sì fi í jẹ Genghis Khan. Ó fi hàn wá bí ó ti to àwọn ọmọ ogun rẹ̀: mẹ́wàá lábẹ́ olórí kan, ọgọ́rùn-ún lábẹ́ òmíràn, lẹ́yìn náà ẹgbẹ̀rún, lẹ́yìn náà ẹgbàárùn-ún, ó sì da àwọn ará ẹ̀yà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ pọ̀ mọ́ ara wọn kí ẹ̀yà kan má baà lè dìtẹ̀. Ó fi hàn wá bí wọ́n ti ṣe ibùdó ìpààrọ̀ ẹṣin sí ojú ọ̀nà, tí ońṣẹ́ lè sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹṣin tí ó ti rẹ̀ kí ó sì gun òmíràn, débi pé ìròyìn ń sáré ju ohun tí ẹnikẹ́ni ní ayé ìgbà náà rò lọ.

Inú àwọn ọ̀dọ́ dùn jọjọ. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́ bí àwọn ẹlẹ́ṣin náà ti ń yí ẹ̀yìn padà lórí eré tí wọ́n sì ń tafà. Nígbà tí sinimá náà sọ pé Genghis kì í fi ipò ogun fún ẹbí nítorí ẹbí, bí kò ṣe fún ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́, ọ̀kan nínú wọn kígbe pé irú olórí tí Áfíríkà ń wá nìyẹn. N kò dá a lẹ́bi. Ẹni tí ó bá ti wá iṣẹ́ kiri Accra tàbí Èkó láìní ẹni tí yóò sọ̀rọ̀ fún un yóò mọ ohun tí ó mú un kígbe.

A dé ibi ọ̀rọ̀ Otrar. Ní ọdún 1218, Genghis rán àwọn oníṣòwò lọ sí ilẹ̀ Khwarazm. Gómìnà ìlú Otrar fi ẹ̀sùn amí kàn wọ́n, ó pa wọ́n, ó sì kó ẹrù wọn. Baálé ilé wa mi orí. Ó ní, “Ẹ rí i? Ẹni tí ó gba ẹrù lọ́wọ́ àlejò kò mọ ohun tí ó ń pè wá sí ilé ara rẹ̀.” Gbogbo wa mọ ẹrù ẹni tí ó wà lọ́kàn rẹ̀. Ìyá olùkọ́ tí ó jẹ́ ọmọ Àṣàńtí wo ilẹ̀ díẹ̀, kò sì sọ nǹkan kan.

Lẹ́yìn èyí ni ogun wọ Bukhara àti Samarkand ní ọdún 1220. Iná ń jó, odi ń wó, orin ń lu kìkì. Ibẹ̀ ni ọkùnrin Sandema na ọwọ́ sókè bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́, tí ó sì ní kí wọ́n bá òun dá àwòrán náà dúró.

Ó ní, “Láti ìgbà tí a ti jókòó, orí ẹṣin ni a wà. Ẹni tí ó ya àwòrán yìí gbé wa sí orí gàárì, a sì ń bá wọn sáré. N kò tíì rí ojú ẹnì kan ṣoṣo nínú àwọn tí ń sá.”

Ìyá olùkọ́ dá a lóhùn kíákíá. Ó ní kò sí ìjọba ńlá kan láyé tí kò ti ogun wá. Bí a bá fẹ́ kí ọmọ mọ ohun tí òfin jẹ́, àti ọ̀nà, àti owó orí, àti ìgbìmọ̀, àfi kí a kọ́ ọ ní ìtàn àwọn tí ó dá wọn sílẹ̀. Ó fi kún un pé, “Nínú ìwé tí wọ́n fi kọ́ wa, bí Òyìnbó bá gba ilẹ̀ onílẹ̀, ọ̀làjú ni ó mú wá. Bí ará Éṣíà tàbí aláwọ̀ dúdú bá gba ilẹ̀, apanirun ni. Ó yẹ kí inú wa dùn pé ẹnì kan tún un sọ.”

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni èyí, mo sì mi orí sí i. Ṣùgbọ́n ọkùnrin Sandema fi ohùn pẹ̀lẹ́ dáhùn pé, “Ìyá olùkọ́, mo gbà. Ṣùgbọ́n ta ni ó ń san owó orí náà?”

Kí òǹkàwé tí kò mọ ilẹ̀ Gánà tó lè mọ ìdí tí ilé fi pa lọ́lọ́, mo ní láti ṣàlàyé. Nígbà tí agbára Àṣàńtí wà ní góńgó rẹ̀, àwọn ìjọba òkè, Dagbon àti Gonja, ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún Kumasi, ẹrú sì wà nínú ohun tí wọ́n fi ń san án. (Gonja yìí náà ni obì gbànja wa ti gba orúkọ rẹ̀, àwọn oníṣòwò Yorùbá mọ ọ̀nà ibẹ̀ dáadáa.) Níbo ni Dagbon àti Gonja ti ń rí ẹrú náà? Láti inú àwọn ẹ̀yà kéékèèké tí kò ní ọba ńlá tàbí ẹlẹ́ṣin: àwọn Builsa, àwọn Kasena, àwọn Sisala àti àwọn mìíràn tí àwọn ẹlòmíràn ń pè ní Gurunsi.

Nígbà tí ó di ìdajì kejì ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ìyà mìíràn tún dé. Àwọn Zabarima, àwọn ẹlẹ́ṣin láti agbègbè tí ó ti di orílẹ̀-èdè Niger lónìí, wá sí Dagbon. Wọ́n kọ́kọ́ bá ọba ibẹ̀ jagun, nígbà tí ó ṣe, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jà fún ara wọn. Gazari ni ó ṣe olórí wọn, lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni Babatu gbà á. Láti nǹkan bí ọdún 1880 sí ọdún 1897, orúkọ Babatu ni ìyá fi ń pa ọmọ tí ń sunkún lẹ́nu mọ́ ní gbogbo ilẹ̀ náà. Ní Gwollu, ní ilẹ̀ àwọn Sisala, àwọn ará ìlú mọ odi yí ilé àti oko àti omi wọn ká nítorí àwọn akónilẹ́rú. Apá kan odi náà ṣì wà títí di òní fún ẹni tí ó bá fẹ́ lọ wò ó. Ọjà ẹrú Salaga ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú àwọn tí a kó parí sí. Ní ìkẹyìn, Amaria, tí òun pàápàá ti jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn jagunjagun Babatu, yí padà sí i; àwọn Faransé sì ràn án lọ́wọ́; Babatu sá lọ sí Yendi, ibẹ̀ ni ó kú sí. Ní Sandema, a máa ń ṣe ọdún kan tí à ń pè ní Feok nínú oṣù kejìlá, láti rántí bí àwọn Builsa ti dojú ìjà kọ Babatu tí wọ́n sì lé e. Tọmọdé tàgbà ni í jáde pẹ̀lú ọrun àti ọfà, tí wọ́n sì máa ń jó ijó ogun.

Ọkùnrin yìí sọ fún wa pé ní ilé ìyá ìyá òun, kò sí ẹni tí í fi ẹṣin ṣe ẹ̀ṣọ́. Àwọn ọmọ ibòmíràn lè ya ẹṣin sí ara ògiri nítorí ẹwà. Ní ti wọn, ìró pátákò ẹṣin ni àmì pé kí wọ́n gbé ọmọ kí wọ́n sì wọ inú ihò àpáta. “Nítorí náà,” ni ó wí, “nígbà tí mo rí àwọn ẹlẹ́ṣin wọ̀nyí lórí aṣọ funfun yín, mi ò rí Mongol. Mo rí Babatu.”

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ó wù mí kí n sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn ará Gánà ni èyí, kí n sì jókòó jẹ́ẹ́ bí àlejò. Ṣùgbọ́n baálé ilé wa kò jẹ́. Ó ní kí a má fi Àṣàńtí àti Babatu ṣe ẹlẹ́ṣẹ̀ kan ṣoṣo nígbà tí Yorùbá wà nínú ilé. Ó rán wa létí pé ìlú bàbá òun, Ògbómọ̀ṣọ́, kún nítorí àwọn tí ń sá fún ẹṣin Ìlọrin nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé àti àwọn ìlú pápá ń dahoro ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ó rán wa létí ọmọdékùnrin Àjàyí tí wọ́n kó lẹ́rú ní Òṣogùn ní nǹkan bí ọdún 1821, tí ó padà wá di Bíṣọ́ọ̀bù Crowther. Ó ní àwọn Mùsùlùmí Ọ̀yọ́ wà nínú àwọn tí ó kó o, gẹ́gẹ́ bí Crowther tìkára rẹ̀ ti kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó yíjú sí mi, ó sì rẹ́rìn-ín. “Ọmọ Ìbàdàn,” ni ó wí, “ìwọ ńkọ́?”

Kí ni mo fẹ́ sọ? Ní ilé ẹ̀kọ́ tí mo lọ, wọ́n kọ́ wa pé Ìbàdàn ni ó gba ilẹ̀ Yorùbá là nígbà tí ó dá Ìlọrin dúró ní Òṣogbo ní nǹkan bí ọdún 1840, bẹ́ẹ̀ ni ó sì rí. Wọ́n kọ́ wa ní orúkọ àwọn balógun wa bí ẹni ń ka oríkì. Ìgbà tí mo fẹ́ ìyàwó, ọmọ Èkìtì, ni mo tó gbọ́ pé ohun tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàn ní ilé àna mi ni ajẹ́lẹ̀ tí ó jókòó sí àárín ìlú tí ó ń gba iṣu, tí ó ń gba ewúrẹ́, tí ó sì ń fi ọwọ́ kan ọmọbìnrin ẹni tí ó bá wù ú. Ààrẹ Látòóṣà tí mo mọ̀ sí akọni ni wọ́n mọ̀ sí ẹni tí Ògèdèǹgbé àti àwọn Èkìtì Parapọ̀ fi ogun Kírìjì dá lẹ́kun láti ọdún 1877. Bàbá àna mi kì í bínú bí ó bá ń sọ ọ́; ẹ̀rín ni í fi í sọ. Ṣùgbọ́n n kò gbàgbé bí ọ̀rọ̀ náà ti rí lára mi, ó dà bí ẹni pé wọ́n fi àwòrán bàbá mi hàn mí láti ẹ̀yìn. Mo sọ èyí fún wọn ní Accra, ìyá olùkọ́ sì ni ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

A tan sinimá náà padà. Nígbà tí a dé ọ̀rọ̀ Baghdad, ààfáà láti Nima ni ó kàn. Ní oṣù kejì ọdún 1258, Hulegu, ọmọ-ọmọ Genghis, wọ ìlú náà, ó pa Kálífà al-Musta'sim, ó sì fi òpin sí ìjọba àwọn Abbas tí ó ti wà fún ọgọ́rùn-ún ọdún márùn-ún. Ààfáà náà kò bínú sí ẹ̀jẹ̀ tí a rí. Ohun tí ó dùn ún ni pé ilé ìkówèésí kò gbà ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ nínú sinimá náà, nígbà tí ẹṣin ti gba wákàtí kan. Ó tún ní ẹ̀sùn kejì. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹsàn-án ọdún 1260, ní Ayn Jalut ní ilẹ̀ Palestine, ogun tí ó ti Íjíbítì jáde lábẹ́ Sultan Qutuz àti Baybars ṣẹ́gun àwọn Mongol, wọn kò sì lè tẹ̀ síwájú dé Áfíríkà mọ́. Gbólóhùn kan péré ni sinimá náà fi sọ èyí. “Láti Áfíríkà ni àwọn tí ó dá wọn dúró ti jáde,” ni ààfáà wí, “wọ́n sì sá kọjá lórí rẹ̀!” Mo dá a lóhùn pé àwọn Mamluk náà kì í ṣe ọmọ Áfíríkà, ẹrú tí a rà láti ìhà Òkun Dúdú ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ó ní òun mọ̀, ṣùgbọ́n ọkà Íjíbítì ni wọ́n jẹ.

Mo ro ọ̀rọ̀ yìí títí. Nígbà tí Genghis kú ní ọdún 1227, ó ku ọdún mélòó kan kí Sundiata tó dá ìjọba Mali sílẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 1235. Ní àkókò kan náà, àwọn alágbẹ̀dẹ idẹ Ilé-Ifẹ̀ wà lẹ́nu irú iṣẹ́ tí àwọn Òyìnbó kò fẹ́ gbà gbọ́, débi pé nígbà tí Frobenius dé Ifẹ̀ ní ọdún 1910, ó ní àfi kí ó jẹ́ àwọn ará Gíríìsì ni ó ṣe é. Ibn Battuta, ará Morocco, fi ojú ara rẹ̀ rí ààfin Ozbeg Khan ti àwọn Mongol ìwọ̀-oòrùn, ó sì fi ojú kan náà rí ààfin Mansa Sulayman ní Mali ní ọdún 1352. Ayé kan ṣoṣo ni ó rìn já. Síbẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ ní alẹ́ ọjọ́ náà lè pe orúkọ àwọn ọmọ Genghis lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n nígbà tí mo bi wọ́n léèrè orúkọ ọba tí Sundiata ṣẹ́gun, ẹnì kan ṣoṣo ni ó mọ̀ ọ́n.

Àwọn Mongol pàápàá ti jẹ irú ìyà yìí rí. Ní àkókò tí àwọn ará Soviet ń darí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wọn, a kò gbọdọ̀ yin Genghis ní gbangba. Ní ọdún 1962 tí wọ́n fẹ́ ṣe àjọ̀dún ẹgbẹ̀rin ọdún ìbí rẹ̀, Moscow bínú, ìjòyè tí ó wà nídìí rẹ̀ sì pàdánù ipò rẹ̀. Nígbà tí ìjọba yẹn wó, orúkọ náà padà bí omi tí ó já odò. Ní ọdún 2008 wọ́n parí ère rẹ̀ lórí ẹṣin, tí gíga rẹ̀ tó ogójì mítà, nítòsí olú ìlú wọn. Ẹ bi ará Baghdad léèrè ohun tí òun rò nípa ère náà.

Irú àríyànjiyàn tí a ṣe yìí ti wáyé rí láàárín àwọn ọ̀mọ̀wé ńláńlá, ilẹ̀ Gánà sì wà nínú rẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1999, tẹlifísọ̀n Amẹ́ríkà gbé sinimá ìtàn alápá mẹ́fà kan jáde tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Henry Louis Gates ti Harvard ṣe nípa àwọn ìjọba ìgbàanì ní Áfíríkà. Nínú apá tí ó sọ nípa òwò ẹrú, ó wá sí Elmina àti Kumasi, ó sì kọjá lọ sí ilẹ̀ Dàhòmì, títí dé Ouidah tí ilé àwọn de Souza wà. Ó ń bi àwọn ọmọ Áfíríkà léèrè ní ojúkorojú pé kí ni ìdí tí àwọn baba wọn fi ta àwọn baba tirẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ali Mazrui, ọmọ Kenya, bínú gidigidi, ó kọ̀wé lòdì sí i. Ẹ̀sùn rẹ̀ ni pé sinimá náà gbé ẹ̀bi lé Áfíríkà lórí ju bí ó ti yẹ lọ, ó sì fi ti Òyìnbó ṣe fẹ́ẹ́rẹ́. Wọlé Ṣóyínká, tí ó ti jẹ́ olùkọ́ Gates ní Cambridge, dá sí i, kò sì gbe Mazrui. Ìwé ìròyìn The Black Scholar fi odindi ìtẹ̀jáde kan sílẹ̀ fún ìjà náà ní ọdún 2000.

Ẹni tí ó bá rántí yóò mọ̀ pé ìjà yìí ti ní gbòǹgbò. Mazrui fúnra rẹ̀ ti ṣe sinimá alápá mẹ́sàn-án nípa Áfíríkà ní ọdún 1986. Nígbà náà, àwọn aláṣẹ àjọ tí ó fún un lówó ní Amẹ́ríkà bínú pé ó bú ìhà ìwọ̀-oòrùn jù, wọ́n ní kí a yọ orúkọ àjọ àwọn kúrò lára rẹ̀. Ṣóyínká sì bínú ní tirẹ̀ pé ó fojú kéré ẹ̀sìn ìbílẹ̀ wa. Kò sí ẹni tí ó ṣe sinimá ìtàn nípa Áfíríkà tí ó lọ ilé ní àlàáfíà.

Ní èrò tèmi, Mazrui kò jẹ̀bi lórí ọ̀rọ̀ ìwọ̀n. Ẹni tí ó ta ọkọ̀ ojú omi, tí ó ta ìbọn, tí ó sì ra ènìyàn fún ohun tí ó lé ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún kò lè jẹ́ ẹlẹ́rìí lásán nínú ọ̀rọ̀ náà. Gates pẹ̀lú kò jẹ̀bi pé ó béèrè. Ní ọdún kan náà, 1999, Ààrẹ Kérékou ti Benin kúnlẹ̀ nínú ilé ìjọsìn kan ní Baltimore, ó tọrọ àforíjì nítorí ipa tí àwọn baba wa kó. Ohun tí mo rí ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé yẹn, tí n kò rí nínú gbogbo ìwé tí àwọn ọ̀mọ̀wé wọ̀nyí kọ sí ara wọn, ni ìbéèrè ọkùnrin Sandema. Nígbà tí wọ́n ń jà lórí bóyá Kumasi jẹ̀bi tàbí kò jẹ̀bi, wọn kò béèrè ọ̀nà ilé àwọn tí a kó. “Áfíríkà” ta ẹrú, “Áfíríkà” kò ta ẹrú: àwọn tí a tà ńkọ́, ará ibo ni wọ́n?

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa sinimá ní Accra fúnra rẹ̀, nítorí ó jọ mọ́ èyí. Ní ọdún 1939 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì dá ẹ̀ka sinimá sílẹ̀ fún àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso. Ọ̀gá wọn, William Sellers, tí ó ti ṣiṣẹ́ ìlera ní Nàìjíríà, gbà gbọ́ pé ojú aláwọ̀ dúdú kò lè tètè lóye àwòrán tí ń yára yí padà, nítorí náà kí a máa ya ohun gbogbo díẹ̀díẹ̀. Ìbá wù mí kí ó jókòó pẹ̀lú wa, kí ó rí olùkọ́ ìṣirò kan láti Sandema tí ó mọ ibi tí ẹni tí ó ya àwòrán gbé ojú sí àti ibi tí kò gbé e sí.

Gold Coast ní ilé iṣẹ́ sinimá tirẹ̀ kó tó gba òmìnira. Wọ́n ya ayẹyẹ òmìnira ọdún 1957 sílẹ̀, ó sì wà títí di òní. Lẹ́yìn náà Nkrumah ní ayàwòrán tirẹ̀, Chris Hesse, tí ó ń tẹ̀ lé e káàkiri. Nígbà tí àwọn ológun dìtẹ̀ ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kejì ọdún 1966, wọ́n dáná sun àwọn sinimá tí Nkrumah wà nínú wọn. Hesse kò gbàgbé. Ohun tí àwọn tí ó dáná náà kò mọ̀ ni pé London ni a ti ń fọ àwọn sinimá wọ̀nyí, ẹ̀dà ìpìlẹ̀ wọn sì wà níbẹ̀. Ó fi ọ̀pọ̀ ọdún pa á mọ́ra, ó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún mìíràn wá ẹni tí yóò gbà wọ́n là. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, sinimá ìtàn kan nípa rẹ̀, The Eyes of Ghana, tí Ben Proudfoot ṣe, jáde ní ìlú Toronto. Ó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún nígbà náà. Ní ti ilé iṣẹ́ sinimá tí Nkrumah fi sílẹ̀, ìjọba ti ta ìpín tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ fún àwọn ará Malaysia ní ọdún 1996.

Mo sọ ìtàn Hesse fún àwọn ọ̀dọ́ náà. Ọmọ-ọmọ baálé ilé béèrè bóyá sinimá kan wà nípa Babatu. Ọkùnrin Sandema ní òun kò mọ ọ̀kankan tí ó tó èyí tí a ń wò. Ọmọ náà ní ó yẹ kí ó wà. Ọkùnrin náà dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún òun ibi tí wọn yóò gbé ẹ̀rọ àwòrán sí.

Wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn lórí ìyẹn. Ìyá olùkọ́ ní kí wọ́n gbé e sí orí odi Gwollu, kí a lè máa wo àwọn ẹlẹ́ṣin bí wọ́n ti ń bọ̀. Ààfáà ní Babatu pàápàá ní ìdí tí ó fi ń jà, kí wọ́n má fi ọ̀rọ̀ dù ú. Baálé ilé ní kí wọ́n wá Amaria, nítorí ó ti wà ní ìhà méjèèjì. Bí a ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni iná lọ, aṣọ funfun ara ògiri sì dúdú pẹ̀lú Hulegu lórí ẹṣin rẹ̀.

Wọ́n gbé àtùpà wá. Baálé ilé ní kí ọkùnrin Sandema sọ ti Babatu fún àwọn ọmọ náà bí wọ́n ti sọ ọ́ fún òun ní ilé ìyá ìyá rẹ̀, láti ìró pátákò ẹṣin àkọ́kọ́. Ó kọ̀ díẹ̀, ó ní olùkọ́ ìṣirò ni òun. Lẹ́yìn náà ó fa àga rẹ̀ súnmọ́ àtùpà, ó sì bẹ̀rẹ̀. Ó ti kọjá aago mọ́kànlá kí iná tó padà, ẹnikẹ́ni kò sì dìde lọ tan ẹ̀rọ náà.